Èdè Tí Ó Jọba Ti Ṣe Ìwọ̀fà Rí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń kọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì rò pé ó tó ohun tí a lè gbé yẹ̀wò nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí. Bí ó bá di àkókò láti yan ẹ̀kọ́ tí wọn yóò kọ́, wọn a ní, "Kí ni ó kàn mí nínú Beowulf? Kí ni ó kàn mí nínú Chaucer? Achebe ni kí ẹ fún mi, Soyinka ni kí ẹ fún mi, ti ara wa ni mo fẹ́." Àwọn olùkọ́ kan sì wà ní òdì kejì tí wọ́n gbà pé ewì àtijọ́ ni ojúlówó, pé ìwé tí àwọn ọmọ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso rí ń kọ kò ju ènì tí ìyálọ́jà bù lé ọjà lọ. Èmi kò fara mọ́ ti èkíní, n kò sì fara mọ́ ti èkejì. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìbẹ̀rẹ̀ lítíréṣọ̀ yìí àti ibi tí ó dé lónìí sún mọ́ ara wọn ju bí a ti rò lọ, àti pé ẹni tí ó bá gé ọ̀kan sọnù kò ní mọ ìdí èkejì.

Kì í ṣe àárín wa nìkan ni àríyànjiyàn yìí wà. Ní ọdún 2021, ó di ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn ní Ìlú Ọba pé Yunifásítì Leicester gbé àbá kalẹ̀ láti dáwọ́ kíkọ́ lítíréṣọ̀ ayé àtijọ́ dúró ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, kí àyè lè gba àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà àti ọ̀rọ̀ àmúnisìn wà lára wọn. Inú àwọn kan dùn, inú àwọn kan bàjẹ́. Ṣùgbọ́n tọ̀tún tòsì wọn ni wọ́n jọ gba ohun kan gbọ́, ohun náà gan-an ni mo sì fẹ́ takò. Wọ́n gbà pé ewì àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ewì alágbára, pé ìwé àwọn ọmọ Áfíríkà, ti Íńdíà àti ti erékùṣù Káríbíánì ni ìwé ẹni tí a jẹ gàba lé lórí. Bí a bá tú ìtàn náà dé ìsàlẹ̀, a ó rí i pé èdè tí ó jọba lónìí ti ṣe ìwọ̀fà rí, àti pé púpọ̀ nínú ewì rẹ̀ àtijọ́ ni a kọ nígbà tí ó wà lóko olówó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Látìnì ni èdè ìwé, òun ni èdè àdúrà, òun sì ni èdè ọ̀mọ̀wé. Èdè oko àti èdè ìdí iná ni Gẹ̀ẹ́sì. Bede, ẹni ìjọ tí ó parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ ní ọdún 731, sọ ìtàn darandaran kan tí a ń pè ní Caedmon, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn ẹlẹ́sìn ní Whitby lábẹ́ ìyá àgbà Hild. Bí wọ́n bá ń ṣe àsè, tí dùùrù bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ dé ọwọ́ kí oníkálùkù lè kọrin tirẹ̀, Caedmon a dìde jẹ́jẹ́, a jáde lọ, nítorí pé kò mọ orin kankan. Ní òru ọjọ́ kan, níbi tí ó sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹran, ẹnìkan bá a sọ̀rọ̀ lójú àlá pé kí ó kọrin ìṣẹ̀dá ayé. Ó sì kọ ọ́. Ìlà mẹ́sàn-án péré ni orin náà.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni ohun tí Bede ṣe sí orin yìí. Kò fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé. Látìnì ni ó fi sọ kókó rẹ̀, ó sì fi kún un pé bí ó ti wù kí ewì dára tó, a kò lè tú u ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan láti èdè kan sí èkejì kí ẹwà rẹ̀ má dínkù. Àwọn adàwékọ ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì náà kún un, nínú àwọn ẹ̀dà tí ó pẹ́ jùlọ, etí ojú ìwé tàbí ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n sì há a mọ́. Nítorí náà, orin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní àkọ́kọ́ nínú ewì Gẹ̀ẹ́sì, etí ìwé ẹlòmíràn ni ó ti kọ́kọ́ rí àyè jókòó. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ka èyí, tí kò sì rántí àwọn ìwé tí a ti rí ìlà ewì wa kéékèèké tí wọ́n há sí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí àlàyé ẹsẹ̀ ìwé, kò tíì kà á dáadáa.

Lẹ́yìn èyí ni Ọba Alfred ti Wessex, tí ó jọba láti ọdún 871 títí di 899. Àwọn ọmọ ogun Denmark ti sun ilé ìjọsìn àti ìwé inú wọn. Alfred kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí òun gorí oyè, àwọn tí wọ́n lè túmọ̀ lẹ́tà kan láti inú Látìnì sí Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀ mọ́ ní gúúsù odò Humber. Kò jókòó kí ó máa sunkún. Ó pàṣẹ kí a túmọ̀ àwọn ìwé tí ó ṣe pàtàkì jùlọ sí èdè tí gbogbo ènìyàn gbọ́, òun fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Kò kórìíra Látìnì. Ó mọ̀ pé ìmọ̀ tí ó bá wà lẹ́nu èdè kan ṣoṣo, ọjọ́ tí àwọn tí ó gbọ́ èdè náà bá kú tán ni ìmọ̀ náà kú.

Ìgbà wo ni a wá kọ Beowulf? Àwọn ọ̀mọ̀wé kò fi ẹnu kò lórí ọjọ́ orí ewì náà, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ ti nǹkan bí ọdún 1000. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó wà ní gbogbo ayé. Ìlà 3,182 ni ewì náà ní. Ní ọdún 1731, iná jó ilé tí wọ́n kó o sí ní London, ó jó etí ìwé náà, láti ìgbà náà ni etí rẹ̀ sì ti ń rún sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa kọ́kọ́ tẹ odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1815, kì í ṣe London ni, Copenhagen ni. Thorkelin, ọmọ Iceland tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Denmark, ni ó tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ìtumọ̀ ní Látìnì, ó sì pè é ní ewì ilẹ̀ Denmark. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn lónìí, àjèjì ni ó bá wọn yọ ọ́ kúrò nínú eruku.

Ọdún 1066 ni William ti Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, fún bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún, Faransé ni èdè ààfin àti èdè àwọn ìjòyè, Látìnì sì ni èdè ìwé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ga, Faransé ni yóò fi ga. Nígbà tí òfin jáde ní ọdún 1362 pé kí a máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní kóòtù nítorí pé àwọn ènìyàn kò gbọ́ Faransé, ẹ má rẹ́rìn-ín: Faransé ni wọ́n fi kọ òfin náà. Mo mọ àwọn ìpàdé wa kan tí a ti fi Gẹ̀ẹ́sì gíga jiyàn pé ó yẹ kí Yorùbá gbilẹ̀, nítorí náà ẹnu wa kò gba á láti fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Àwọn akéwì ayé náà mọ ohun tí ó wà nílẹ̀. John Gower, ọ̀rẹ́ Chaucer, kọ ìwé ńlá mẹ́ta: ọ̀kan ní Faransé, ọ̀kan ní Látìnì, ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọkùnrin tí ó kó owó rẹ̀ sí àpò mẹ́ta ni, nítorí kò mọ èyí tí olè yóò já. Chaucer ní tirẹ̀, tí ó gbọ́ Faransé, Látìnì àti èdè Ítálì, tí ó sì ń ṣe alábòójútó owó bodè irun àgùntàn ní èbúté London láti ọdún 1374, gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé orí Gẹ̀ẹ́sì. Kò ta àwọn èdè yòókù nù. Ó jí lára ìmọ̀ wọn, ó sì fi bọ́ èdè ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1400, ọba tí ó wà lórí ìtẹ́, Henry kẹrin, ti fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ nígbà tí ó ń béèrè adé ní ọdún tí ó ṣáájú. Ìwọ̀fà náà ti san gbèsè rẹ̀ tán.

Ẹnìkan lè sọ pé ìtàn èdè ni mo ń sọ, pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti sọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì di ohun tí a ń gba oyè lé lórí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí Oxford ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún, Gíríìkì àti Látìnì ni wọ́n ṣì ń pè ní lítíréṣọ̀ níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun tí ó ṣí ní London ní ọdún 1828 ni ó kọ́kọ́ yan ọ̀jọ̀gbọ́n fún Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ náà. Oxford kò dá ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ títí di ọdún 1894, ti Cambridge sì di ọdún 1917 kí ó tó dá dúró. Àwọn tí ó takò ó ní èdè ìyá ẹni kò nílò olùkọ́, pé ó rọrùn jù, pé kò sí bí a ti lè fi ìtàn àròsọ ṣe ìdánwò, pé ọ̀rọ̀ ìdí àga lásán ni yóò dà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, ǹjẹ́ ẹ kò mọ ohùn náà? Mélòó nínú yín ni ẹbí kò tíì bi pé, "Yorùbá tí o ti ń sọ láti kékeré, kí ni o tún fẹ́ lọ kọ́ níbẹ̀?"

Ṣùgbọ́n ibìkan wà tí Gẹ̀ẹ́sì kò ti dúró ní ẹnu ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀. Ní Íńdíà, lẹ́yìn ìwé tí Macaulay kọ ní ọdún 1835, ìjọba àmúnisìn fi owó ẹ̀kọ́ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ní Shakespeare àti Milton nígbà tí Oxford kò tíì kà wọ́n sí ẹ̀kọ́. Gauri Viswanathan tú ìtàn yìí jáde nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1989, ó fi hàn pé a ti sọ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ẹ̀kọ́ ní Íńdíà kí ó tó fìdí múlẹ̀ ní ilé rẹ̀. Láti ọdún 1855 ni ìdánwò fún àwọn tí yóò lọ ṣiṣẹ́ ìjọba ní Íńdíà sì ti ní Gẹ̀ẹ́sì nínú. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ ilẹ̀ tí a ń ṣàkóso kì í ṣe àlejò tí ó pẹ́ dé sí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni a ti kọ́ bí a ti ń kọ́ ọ. Olùkọ́ tí ó bá pè wọ́n ní ènì kò mọ ìtàn ẹ̀ka tí ó ń jẹun nínú rẹ̀.

Ọ̀nà yìí kan náà ni ó dé Ìbàdàn. Nígbà tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1948, oyè London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà, títí ó fi di yunifásítì tí ó dá dúró ní ọdún 1962. Chinua Achebe wọlé ní ọdún 1948 láti kọ́ ìṣègùn, ó sì yà sí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìsìn. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ka ìtàn àròsọ Joyce Cary ti ọdún 1939, Mister Johnson, tí a sọ pé ó jẹ́ ìtàn ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n kà á, wọn kò rí ara wọn níbẹ̀. Achebe sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ìwé yẹn wà lára ohun tí ó mú òun rí i pé ẹlòmíràn kò lè bá wa sọ ìtàn wa. Things Fall Apart jáde ní ọdún 1958. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó fún un ní Cary náà ni ó fún un ní ohun èlò tí ó fi dá Cary lóhùn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1968, àwọn olùkọ́ mẹ́ta ní Nairobi, Ngũgĩ wa Thiong'o, Henry Owuor-Anyumba àti Taban lo Liyong, kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ pé kí a pa ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ́. Àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ ìwé yìí bí ẹni pé àwọn mẹ́ta náà ní kí a dáná sun Shakespeare. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ibi tí ẹnìkan dúró sí nígbà tí ó ń wo ayé: kí Áfíríkà wà láàárín, kí a fi ìtàn ẹnu àti orin ṣe ìpìlẹ̀, kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ yòókù sì tò yí i ká. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo fara mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé ìwé tí ó gbé ìtàn ẹnu ga kò lè jẹ́ àwáwí fún ẹni tí ó fẹ́ sá fún Beowulf, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí a ń kọ́ ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, ewì àtijọ́ ni ó sún mọ́ ẹnu jùlọ.

Ìbí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan iṣẹ́ lámèyítọ́ gan-an. Milman Parry lọ sí ilẹ̀ Yugoslavia láàárín ọdún 1933 sí 1935 láti gbọ́ bí àwọn akọrin ibẹ̀ ti ń kọ ìtàn gígùn láìwo ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Albert Lord, gbé ìmọ̀ náà jáde nínú ìwé ọdún 1960. Wọ́n rí i pé akọrin ní gbólóhùn tí ó ti wà nílẹ̀, tí ó bá òṣùwọ̀n orin mu, tí ó ń tò pọ̀ bí ó ti ń lọ. Ní ọdún 1953, Francis Magoun ti mú ìmọ̀ yìí wá sórí ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ó ní àwọn gbólóhùn tí ń padà wá nínú Beowulf fi hàn pé ẹnu ni a fi ṣe é. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 1966, Larry Benson fèsì pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kún inú ewì tí a mọ̀ dájú pé ìwé Látìnì ni a ti túmọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń kọ̀wé náà lè fi ohùn akọrin kọ ọ́.

Ọdún 1966 yẹn kan náà ni ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá jáde. Mo rò pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti gbọ́ oníjàálá lẹ́nu iṣẹ́ yóò lóye àríyànjiyàn Magoun àti Benson ju ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lọ. Ó ti mọ̀ pé akéwì lè lo ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ lò, kí ó sì jẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Ó mọ̀ pé oríkì tí a pè fún ẹranko tàbí fún jagunjagun kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfikún, pé òun gan-an ni ẹran ara ewì. Bí ó bá wá rí i tí akéwì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pe òkun ní ọ̀nà àbùùbùtán, kò ní pè é ní àdììtú. Yóò mọ̀ ọ́n ní ojú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìró ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ó jọra ni ó so ìlà ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pọ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan sì pín sí abala méjì. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti àárín ń ṣe iṣẹ́ ńlá nínú tiwa, iṣẹ́ tí kò sí nínú tiwọn. Ẹni tí ó bá fi méjèèjì wéra yóò rí ohun tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan; ẹni tí ó bá dà wọ́n pọ̀ kò ní rí ọ̀kankan.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo Beowulf láti ọ̀nà mìíràn. Títí di ọdún 1936, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń wá ìtàn ogun àti orúkọ àwọn ọba àtijọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń kẹ́dùn pé akéwì fi abàmì ẹ̀dá ba ewì rẹ̀ jẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní ọdún yẹn, Tolkien ní kí wọ́n kà á gẹ́gẹ́ bí ewì. Ó ní Grendel, ìyá rẹ̀ àti dírágónì ni ọkàn iṣẹ́ náà. Nígbà tí a bá ṣe bí ó ti wí, kí ni a rí? A rí Grendel ní ìta, nínú òkùnkùn, tí ó ń gbọ́ ariwo ayọ̀ nínú gbọ̀ngàn lójoojúmọ́. Orin tí ó ń gbọ́, orin ìṣẹ̀dá ayé ni, irú èyí tí a fún Caedmon. Caedmon jáde kúrò níbi àsè nítorí kò ní orin, a sì fún un ní orin. Grendel wà ní ìta láti ìbẹ̀rẹ̀, orin náà sì ń dùn ún bí egbò. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ ní orúkọ. Ó wá gbẹ̀san ọmọ rẹ̀, ohun tí òfin àwọn jagunjagun inú ewì náà gan-an pa láṣẹ, síbẹ̀ abàmì ni a pè é.

Ẹni tí ó bá ti kọ́ láti béèrè pé, "Ta ni ó wà ní ìta gbọ̀ngàn yìí, ta ni kò ní orúkọ?" ti ní ọ̀nà tí yóò fi ka ìwé òde òní. Ìbéèrè yẹn ni Jean Rhys, ọmọ erékùṣù Dominica, bi ìwé Jane Eyre ti ọdún 1847, níbi tí wọ́n ti ìyàwó ọmọ Káríbíánì mọ́ òkè àjà bí ẹranko, tí a kò gbọ́ ìtàn náà láti ẹnu rẹ̀. Ní ọdún 1966, Rhys kọ Wide Sargasso Sea kí obìnrin náà lè sọ tirẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni Achebe bi ìwé Conrad ní ọdún 1975, nígbà tí ó tọ́ka sí i pé nínú gbogbo Heart of Darkness, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a jẹ́ kí àwọn ọmọ Áfíríkà sọ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní Achebe nìkan ni òun fẹ́, tí kò sì fẹ́ rí ohun tí Achebe ń bá jà, dà bí ẹni tí ó gbọ́ ìdáhùn láìgbọ́ ìbéèrè.

Mo mọ̀ pé àtakò kan wà tí ó lágbára. Ẹnìkan yóò ní, "Ṣé o fẹ́ fi àwọn Normandy wé àwọn tí ó kó wa lẹ́rú?" Rárá o. Àwọn Normandy fẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, wọ́n gbé ibẹ̀, wọ́n sì di Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tí ó fi àwọ̀ ara ṣe òfin pé ọmọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò lè di ènìyàn. Mo tún gbọ́dọ̀ fi èyí tí ó burú jù kún un: ìwọ̀fà tí ó gba òmìnira náà kò pẹ́ kí ó tó gba ìwọ̀fà tirẹ̀. Ọdún 1362 ni òfin gba kóòtù Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ Faransé. Ọdún 1536 ni òfin mìíràn sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè kóòtù ilẹ̀ Wales, tí èdè wọn fi di ti ẹ̀yìn ilé. Ìyà kì í kọ́ni ní àánú fúnra rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a kọ́ ìtàn náà tán, kí a má ṣe dúró ní ìdajì tí ó wu ọkàn wa.

Ẹni tí ó mú ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin yìí pàdé jùlọ ni Seamus Heaney, ọmọ oko ní àríwá Ireland, ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún títí èdè ìbílẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní yunifásítì ní Belfast. Nígbà tí ó ń túmọ̀ Beowulf, ìtumọ̀ tí ó jáde ní ọdún 1999, ó rí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí ó túmọ̀ sí láti farada ìyà, "thole" ni ẹ̀dà rẹ̀ tí ó kù. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lẹ́nu àwọn ọlọ́lá London tipẹ́. Ẹnu ìyá àgbà kan nínú ẹbí Heaney ni ó ti gbọ́ ọ nígbà èwe. Ó wá yé e pé ewì yẹn kì í ṣe ti àwọn tí ó ṣàkóso bàbá rẹ̀ nìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré kan tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi ń pe etí ènìyàn sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ kí ohùn oko wọn gba inú odindi ewì náà kọjá. Ọmọ ilẹ̀ tí a ṣẹ́gun ni ó dá ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà padà sí etí àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ni mo wá ń fẹ́ kí a ṣe? Èkíní, kí olùkọ́ má ṣe fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti gírámà nìkan bẹ̀rẹ̀ ewì àtijọ́. Kí ó kọ́kọ́ kà á sókè, kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ọ. Èkejì, kí a máa so ìwé pọ̀ ní méjì-méjì: Gower àti àwọn òǹkọ̀wé wa tí wọ́n ń pín ara wọn láàárín èdè méjì, Caedmon àti àwọn akéwì ẹnu wa, Brontë àti Rhys, Cary àti Achebe. Ẹ̀kẹta ni ó kan ẹgbẹ́ wa jùlọ. D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, nígbà tí ẹni tí ó bá fẹ́ ga ń fi Gẹ̀ẹ́sì ga. Soyinka túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, ayé sì gbọ́. Ṣùgbọ́n kí Soyinka tó rí ohun tí yóò túmọ̀, ẹnìkan ti ní láti kọ ọ́ ní Yorùbá ná.

Chaucer kò mọ̀ pé èdè òun yóò jọba. Ohun tí ó mọ̀ kò ju pé àwọn ènìyàn tí ó ń bá pàdé ní èbúté ń sọ ọ́, àti pé ó dùn lẹ́tí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ọ̀dọ̀ Chaucer bọ̀, tí kò sì lè kọ ojú ìwé kan tí ó yè kooro ní èdè ìyá rẹ̀, ó ti yege nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń wí.